Mo Kúnlẹ̀ Bẹ Bàbá Olódòdó Nínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ayọ̀, kó bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Báwo ni ìwé kíkà? Báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá, èyí tó máa ń hanrun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dín in kù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Àwa náà wà, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń ro mí díẹ̀, màá sọ ohun tó fà á fún ọ.

Bàbá rẹ kí ọ. Ọ̀rọ̀ báńkì ló gbà á lọ́kàn báyìí. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ni báńkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, wọ́n ní àwọn bá a yọ̀, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Bàbá rẹ ní ẹ̀gbọ́n òun gan-an ò rántí, báńkì rántí! Ló bá mú àkùkọ kan, ó dì í lẹ́sẹ̀, ó gbé e lọ fún ọ̀gá báńkì láti dúpẹ́. Ilẹ̀kùn onígíláàsì wọn ò gbà á wọlé, ṣe ló ń dún pìì-pìì, ẹ̀ṣọ́ sì ní kó dúró síta pẹ̀lú adìyẹ. Ó gbé e padà wálé, ó ní àkùkọ náà ti di ti báńkì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á. Bó ṣe ń jẹ àgbàdo wa lọ́fẹ̀ẹ́ títí dòní nìyẹn.

Ó dáa, ìbéèrè rẹ wá kàn. O ní kí n kọ ohun tí mo sọ fún Bàbá Olódòdó sínú ìwé kí o lè tọ́jú rẹ̀, pé gbogbo èèyàn ló ń kí ọ nítorí rẹ̀. Màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí télọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ti ń sọ tiẹ̀ kiri, ó sì ń bu iyọ̀ sí i.

Ìwọ náà lo fi mí sínú ẹgbẹ́ yín inú fóònù, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń fọ abọ́, àwọn tó ń tún ọgbà ṣe ní yunifásítì yín. O ní akẹ́kọ̀ọ́ kan òṣìṣẹ́ kan lẹ ṣe é, pé Bàbá Olódòdó tó ń tún ọgbà ṣe ló kàn ọ́, ò ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà nírọ̀lẹ́, ẹ sì jọ ń bomi rin òdòdó ní Sátidé. O tún ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo yín máa jọ lọ bá àwọn àgbà ilé ìwé, kí wọ́n máa sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà ọlidé náà, kí wọ́n sì fún wọn ní yàrá tí wọ́n á ti máa jókòó jẹun, torí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láàárín àwọn búrọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń dúró jẹun sí. Inú mi dùn sí i gan-an. Nígbà tí télọ̀ wá ṣí ẹgbẹ́ náà fún mi, tó ní èèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, mo ní ṣé wọ́n ń rí mi. Ó ní rárá. Ṣùgbọ́n télọ̀ ò bímọ sí yunifásítì, kí ló mọ̀? Mo pààrọ̀ aṣọ kí n tó kí wọn. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí o fi bẹ̀ mí pé kí n máa kí wọn pa pọ̀. Tí mo bá sì fẹ́ wẹ̀, mo máa ń dojú fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọlúàbí ni wọ́n, mi ò fẹ́ kó ìtìjú bá wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kí iná lè wọ inú rẹ̀. Télọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní háà, Bàbá Olódòdó ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ o, fóònù ló kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní bàbá tó tó bẹ́ẹ̀ ò lè déédéé dìde níbi ìpàdé kó máa lọ, ẹnì kan ló ti ṣẹ̀ wọ́n. Ta ló sì sún mọ́ wọn jù? Ọmọ mi ni! Mo mọ ẹnu rẹ, o máa ń sọ̀rọ̀ kí o tó mí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nínú gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́nì kankan tó dìde lọ dì wọ́n mú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan tiẹ̀ ń polówó bàtà níbẹ̀!

Mo ní kí télọ̀ tẹ ibi tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sí fún mi kíá. Ó ní bàbá ti jáde, wọn ò ní gbọ́. Mo ní wọn ò tíì lè rìn jìnnà, ẹni tó wà nítòsí ilẹ̀kùn á pè wọ́n. Ó gbé fóònù sórí àga, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, sáàárín gbogbo àgékù aṣọ rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú, èmi ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ yín rèé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mi ò mọ ohun tó sọ, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ fi jì í. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́, ọmọ mi, mi ò dákẹ́. Mo ní èmi náà olùgbálẹ̀ ni mí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibí ni mo ń gbá, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán, kí ẹlòmíì fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gbà á kọjá, kó má tiẹ̀ wo ojú ẹni. Mo ní ọmọ tèmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, òun ló máa ń pọn omi tí mo fi ń nu kíláàsì kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tiẹ̀. Tó bá kàwé tán tó wá fi yín sílẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí télọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti lọ ni mo wá mọ ohun tí mo ṣe. Mo rántí pé nígbà tí o kọ́kọ́ wọ yunifásítì, o ní tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, wàá ní ilé ìwé ni ìyá rẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á rò pé tíṣà ni. Mi ò bínú sí ọ, ọmọdé ni ọ́, o ò fẹ́ kí wọ́n fojú tín-ín-rín wò ọ́. Èmi wá fẹnu ara mi tú u síta lójú gbogbo wọn! Mo ní kí télọ̀ sáré pe ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní báwo ló ṣe máa ti dé, nígbà tí ọkọ̀ ń lo odindi ọjọ́ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Omi bọ́ lójú mi.

Télọ̀ ní kí n dìde. Mo ní wọn ò tíì dá mi lóhùn. Àwọn oníbàárà wá gba ṣòkòtò, wọ́n rọra yí mi ká kọjá. Bàbá rẹ ló wá dé, ó bá mi níwájú fóònù, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní ẹnu ọmọ rẹ ni. Kò béèrè ohun tó kù o! Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a ṣe wà nìyẹn tí fóònù fi dún, tí ohùn Bàbá Olódòdó jáde, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílẹ̀, mo ti padà. Télọ̀ ní torí mo sọ pé mo kúnlẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n àtọjọ́ náà, bàbá rẹ kì í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì níwájú fóònù yẹn mọ́.

Bàbá Olódòdó ní o ò ṣẹ àwọn rárá. Háà, jọ̀ọ́, ọmọ mi, mo ti bú ọ lásán! Wọ́n ní ọ̀gá tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló sọ pé ẹni tó bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rìn, òun ò ní pè é padà lẹ́yìn ọlidé, àwọn sì rò ó pé ẹ̀yin ọmọ yìí á di ẹrù yín lọ́jọ́ kan, ẹ óò fi àwọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú ọ̀gá. Àwọn afọbọ́ náà ti fẹ́ tẹ̀ lé wọn jáde. Wọ́n ní ìdí òdòdó làwọn wà nígbà tí ẹnì kan gbé fóònù sí àwọn létí, tí àwọn gbọ́ ohun tí mo sọ, àwọn sì wí fún ara àwọn pé ó tó láti mú àwọn padà.

Lẹ́tà rẹ ló sọ ìyókù fún mi. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ìgbálẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kà á pé gbogbo yín lẹ lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó sá sẹ́yìn, wọ́n sì ti buwọ́ lùwé pé owó ọlidé á máa wọlé, ọ̀gá yẹn ò sì lè lé ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Wọ́n ti fún yín ní yàrá tó ní fèrèsé àti àga! Mo wá ka ibi tí o ti ní o dìde láàárín ìpàdé, o ní ìyá tí gbogbo yín gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn, ìyá mi ni, olùgbálẹ̀ ni, owó ìgbálẹ̀ ló fi rà mí ní ìwé. Mo tún un kà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ilé ìwé wa sáré jáde, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà, ọmọ mi ló sọ̀rọ̀.

O ní kí n wá nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí yàrá náà. Màá wá, bàbá rẹ náà á wá. Torí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí o fi díẹ̀ kún un fún òróró tí mo máa fi pa orúnkún, kí o sì fi owó sínú fóònù yìí, torí èrò tó wà níbẹ̀ pọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ gan-an. Yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni màá wọ̀ wá, mo ti fọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, kò ní jẹ́ kí o gbàgbé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ò ní bọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn ò ní fò ọ́ dá, ìwọ náà ò sì ní fo ẹnikẹ́ni dá. Télọ̀ ní kí n kọ "ìyá rẹ" sísàlẹ̀ ìwé yìí, pé ó ti tó. Mo ní kò tó.

Èmi ni ìyá rẹ, olùgbálẹ̀ ilé ìwé.