Ohùn Mi Tó Wà Nínú Fóònù

Màámi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko.

Áàpù orí fóònù tí ilé iṣẹ́ wa ń tà, tó máa ń rán èèyàn létí pé kó mu omi, kó rìn díẹ̀, wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà. Ó ti di "Olùdámọ̀ràn Mi", ohùn mi ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fẹ́ràn bí mo ṣe máa ń béèrè àlàáfíà ará ilé kí n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Àtìgbà tí mo ti parí, káàdì mi ò ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́. Ó jọ pé ó ti gbó ni. Mo ń sinmi dáadáa.

Àbúrò mi ní ẹ ń dá ohùn náà lóhùn láràárọ̀ lórí fóònù òun, ẹ sì ń sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn yín fún un. Màámi, n ò gbọ́ ìkankan níbẹ̀. Ó ní lánàá ẹ bi ohùn náà pé ìgbà wo ni n óò wálé, ohùn náà sì dáhùn pé kò ní pẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbá yàrá mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí.

Ọmọ yín