Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Torí Rẹ̀ Nà Ọ́

Ẹ̀síẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1976.

Rhoda Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Ìlọrin? Ṣé àbúrò ìyá rẹ tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wà dáadáa? Ọlọ́run tó jẹ́ ká fojú rí iṣu tuntun kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbófo. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, àfi pé ewúrẹ́ Fulera aládùúgbò wa ti jẹ iṣu tó sá fún èlùbọ́, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi gan-an ni ara mi kò balẹ̀. Ìjọba ní kí àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì padà wá, nítorí láti ìgbà tí ilé-ìwé ti di ọ̀fẹ́ ni ọmọ ti pọ̀ ju tíṣà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé kíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Òrò. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni. Mo lọ, inú ń bí mi.

Wọ́n fún wa ní ìtàn kékeré kan, wọ́n fa ìlà sídìí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, wọ́n to ìtumọ̀ mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ká mú èyí tó bá a mu. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máàkì í. Mo rò ó pé ẹni tí yóò bá ni máàkì ìwé, ó yẹ ká kí i, mo bá fi yíǹkì kọ ìkíni sókè ìwé ìdáhùn, mo sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ náà má baà rò pé mo kàn mú un lásán. Ignatius tó ń ṣọ́ wa, èyí tí mo máa ń nà ní kíláàsì kejì, ní ẹ̀rọ kì í kàwé, kí n kàn fi pẹ́ńsù kun inú àpótí kékeré. Mo bi í pé bí kò bá lè kàwé, kí ló gbé e dé ìdí ìdánwò ìwé kíkà. Ó fún mi ní ìwé mìíràn, mo kun ún.

Èsì dé lánàá. Mẹ́ta ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Mo gba ọ̀dọ̀ Ignatius lọ láti bá a jà, torí gbogbo ìtumọ̀ tí mo mú ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi, mo sì ti há a sórí láti ọdún 1938. Ó ní, "Bàbá, ẹ kò wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níwájú èyí tí wọ́n fa ìlà sí àti lẹ́yìn rẹ̀."

Mo rántí ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹfà, tí mo bi ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí o kò rí rí nínú ìtàn tí à ń kà, tí o sì mọ̀ ọ́n. Mo ní ta ló sọ fún ọ. O ní, "Bàbá, àlejò tí a kò mọ̀, ṣebí ilé tó wọ̀ sí la fi ń dá a mọ̀." Mo ní o jí i wò ni. Mo nà ọ́, mo ní orí rẹ kò gbàwé, mo fi ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ìwọ lo gbà á, Rhoda, èmi tíṣà ni kò mọ̀ ọ́n. Oṣù tó kọjá tí o fi fọ́ọ̀mù olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i, mo tún dá a padà lófìfo, mo ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wọn yóò dójú tì ọ́. Dárí jì mí.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí ìdánwò nọ́ọ̀sì. Lọ ṣe ìdánwò náà. Fi náírà méjì rán Bùkárì awakọ̀, kí n fi ra róòbù orúnkún ìyá rẹ àti kẹrosíìnì tí n ó fi máa kàwé lóru, torí èmi náà yóò padà lọ ṣe tèmi.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lóye, yóò fi ìtura aláìsàn sí ọ lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù rẹ kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́, nítorí náà mo fọwọ́ sí ìwé funfun tó wà nínú àpò-ìwé yìí. Gún un mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bàbá rẹ kò fẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jòhánù Ọlágúnjú.