Bí Mo Ṣe Rí Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Fóònù Tí Kò Léyín

Abà Onísapá,
Ọ̀nà Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Ọmọ mi Ọdúnayọ̀, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú àtijọ́, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn Àbújá tí wọ́n ní kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín lọ, yóò máa ṣọ́ yín bọ̀. Bí ẹ bá bèèrè wa, a wà, a ò ṣàìsàn. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ṣùgbọ́n ó bí i sí abẹ́ ibùsùn mi, a ò sì tíì fẹnu kò lórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí mo ti ra fóònù ńlá fún wọn. Fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ pọ̀, bí mo bá sọ ọ́ nínú fóònù, dátà yóò tán lórí rẹ̀, mo sì ń tọ́jú dátà náà fún ẹnì kan. Wàá gbọ́ nípa ẹni náà níwájú.

Àbáyọ̀mí awakọ̀ fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́ láyọ̀. Ó ní o ti to orúkọ gbogbo ẹbí sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán wọn, ó ní kò ṣòro rárá, ó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọdúnayọ̀, ó ṣòro. Fóònù mi àtijọ́ léyín, béèyàn bá tẹ eyín rẹ̀ á ké. Èyí tẹ́jú bí abọ́ tánganran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò léyín, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé ó ti kú sọ́nà ni. Mo bá ránṣẹ́ sí Lazarus, ọ̀rẹ́ mi tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, nítorí òun ló gbọ́ òyìnbó jù nínú àwa àgbààgbà abà.

Lazarus tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan báyìí, iná tàn, òyìnbó sì jáde. Lazarus gbé jígí sójú, ó kà á fún ìgbà pípẹ́, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí á gbá a lọ sókè kó tó ṣí. A wo ara wa. Ohun tuntun ni, ibo ni ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n èmi kì í bá ìwé jiyàn. Ìyá rẹ mú ìgbálẹ̀ tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀ wá, mo rọra gbá ojú fóònù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò ṣí. Lazarus ní bóyá nítorí pé mo jókòó ni. Mo dìde, mo tún gbá a, kò ṣí. Ìyá rẹ ní eruku ìgbálẹ̀ ti bà á jẹ́, ó na ìka, ó nu eruku náà lọ sókè, fóònù sì là bí ojú ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ kò ti jẹ́ ká gbádùn nínú ilé yìí, ó ní òun ni fóònù mọ̀.

Inú rẹ̀ wá dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí, àwòrán kéékèèké tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan jẹ́ aago, ọ̀kan jẹ́ àpò ìwé, ọ̀kan dà bí ojú tí kì í ṣẹ́. Mo tẹ èyí tó dà bí ojú, mo rí ẹsẹ̀ ara mi nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́. Ìka mi tún ṣèèṣì kan ibì kan, bàbá àgbàlagbà kan yọjú, ó ń wò mí bí ẹni tí mo gba ilẹ̀ rẹ̀. Mo kí i, òun náà mi ẹnu. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé fìlà mi ló dé.

Ìṣòro mìíràn ni pé fóònù náà kì í sábà gbọ́ ìka mi. Lazarus ní ọkọ́ àti àdá ti sọ awọ ìka mi di èèpo igi, fóònù kò sì mọ̀ pé èèyàn ló ń fọwọ́ kan òun. Ìyá rẹ wá fi òrí pa ìka náà títí ó fi rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ìka tó ti rọ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Èmi, ìyá rẹ àti Lazarus jókòó sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo ń wo orúkọ àwọn ẹbí tí o tò, ìka mi yọ̀, ó kan àwòrán kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Kí n tó nà án sí ìyá rẹ, ojú èèyàn kan kún inú rẹ̀. Ọdúnayọ̀, màmá mi ni mo rí. Ìyá àgbà rẹ tí a ti sin. Pélé wọn nìyẹn, èéjí wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń fi gèlè bo etí kan ṣoṣo nìyẹn.

Mo gbé fóònù lé orí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá mi, mo ní ṣé ara yín le níbẹ̀, mo ní ṣé ẹ̀ ń rí bàbá wa. Wọ́n ní ta ló ń sọ̀rọ̀, pé páànù nìkan ni àwọn ń rí. Wọ́n ní bàbá wa ti kú. Mo ní mo mọ̀, ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Lazarus ti di agogo rẹ̀ mú, ó ń lù ú, ó ń ké pe orúkọ Jésù, ó ní Bíbélì kò sọ pé ọ̀run ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìyá rẹ ló gbé fóònù náà, ó wò ó dáadáa, ó ní ìyá wa kò fi jígí sójú rí, ó sì ní fáànù ń yí lẹ́yìn ẹni yìí. Ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Wọ́n ní Mùsílímátù ni àwọn, láti Abíjàn, pé ta ni ẹ̀yin. Ojú ẹsẹ̀ ni ohùn wọn yí padà, wọ́n ní àbí Àjàní ló ń ké nísàlẹ̀ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Orúkọ wọn nìkan ni ìwọ mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti bá ọkọ wọn lọ sí Abíjàn kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Àwọn ló fi ẹ̀yìn pọ̀n mí dàgbà. Nígbà tí màmá wa kú, a ránṣẹ́, iṣẹ́ náà kò dé, àwọn ará Abíjàn tó ń kọjá ní Mọ́níyà sì ti sọ fún mi pé ogun tó jà níbẹ̀ ti tú àdúgbò wọn ká. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ti lọ. Wọ́n ti darúgbó, ọmọ mi, wọ́n ti di màmá wa pátápátá. Wọ́n ní àbígbẹ̀yìn wọn tó ń ṣòwò ní Àbújá ni o bá pàdé, òun ló fún ọ ní nọ́ńbà. O mọ̀, o ò sì sọ fún mi, o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi rí i. Mo sunkún bí ọmọdé, àwọn náà sunkún, Lazarus tó ń lu agogo náà sunkún, ìyá rẹ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Faransé ti wọ ẹnu wọn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, wọ́n á ní wí, wí. Mo rò pé wọ́n ní kí n máa wí ni, mo bá ń wí lọ, àṣé "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n ń fi Faransé sọ. Mo gbé wọn kiri agbo ilé, mo fi igi orógbó ẹ̀yìnkùlé hàn wọ́n, wọ́n ní ṣé ó ṣì wà. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dé orí sàréè màmá wa. Mo gbé wọn síbẹ̀, wọ́n ṣàdúà tiwọn, mo ṣe àmín. Wọ́n ń sọ fún mi ìgbà tí àwọn yóò wálé lọ́wọ́ ni iná fóònù tán.

Mi ò lè jẹun títí Lazarus fi gbé e lọ gba iná lára ẹ̀rọ amúnáwá ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì gbé e bọ̀. Ìgbà tí wọ́n pè padà, òrí ọwọ́ mi ń yọ̀, mo fà á sí ìhín, mo fà á sí ọ̀hún, ìyá rẹ tún ló gbé e. Wọ́n ní lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ọmọ wọn yóò mú wọn wá, ọkọ̀ òfurufú ni wọn yóò bá sọ̀kalẹ̀ ní Alákìá.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi fi owó ránṣẹ́. A fẹ́ tún páànù yàrá tí wọn yóò sùn ṣe, a fẹ́ ra ibùsùn tó dára, ẹni tó bá sì ń lọ pàdé èèyàn ní Alákìá kò lè wọ bàtà oko. Fi ti dátà náà kún un, nítorí ní àràárọ̀ báyìí, a máa ń gbé fóònù sí àárín tábìlì, àwa ń mu ẹ̀kọ wa níhìn-ín, àwọn ń jẹ búrẹ́dì wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n má tì í pa, pé àkùkọ ilé wa ni àwọn ń gbọ́.

Ọdúnayọ̀, o ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe. Bí o ṣe dá ẹ̀jẹ̀ mi padà fún mi, ohun rere rẹ kankan kò ní sọnù. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, èèyàn rẹ tó wà lókèèrè yóò máa bọ̀ wálé láyọ̀. Ìyá rẹ ní àmín kí n tó kọ ọ́ tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàní, àbúrò Mùsílímátù.