Ojú Egbò Tí Kò Pọ́n

Ilé wa lẹ́bàá ọjà Ose Okwodu,
Onitsha.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà.

Yúnúsà ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún ìyàwó rẹ àti fún àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí òtútù ìlú Òyìnbó má ṣe yín ní jàǹbá, kí ìwé yìí sì bá ọ nínú ìlera. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Inú mi ni kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti pè mí títí lórí fóònù, tí n kò gbé e. Bí mo bá gbé e, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, èmi náà yóò sì dákẹ́ nítorí pé ọmọ mi ni ọ́. Nínú ìwé, o kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìdajì rẹ̀ ni o mọ̀.

Ní Sátidé tí òjò ńlá yẹn rọ̀, Nàfísàt àbúrò rẹ lọ gba aṣọ oníbàárà kan tí wọ́n fi mọ́tò ránṣẹ́ sí i ní gáréèjì Upper Iweka. O mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí bí òjò bá rọ̀: ẹrẹ̀ á dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ń wo ẹnìkejì. Oníbárò kan sáré kọjá, irin ìdí bárò rẹ̀ sì ha á ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Egbò náà kò gùn ju ọmọ ìka kan lọ. Ó gba inú omi ìdọ̀tí yẹn rìn bọ̀ wálé, ó fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ tó mọ́ dì í, ó sì padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti wú. Mo pè ọ́. Ta ni kí n tún pè? Ilé tó ti ní dókítà tirẹ̀, ṣé ó tún yẹ kí ó máa wá dókítà kiri? Mo sọ fún ọ pé ó wú, pé ó ń ro ó, pé ó gbóná. O ní ọgbẹ́ tuntun máa ń gbóná díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni o wá béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ojú egbò náà pọ́n? Ṣé àyíká rẹ̀ pupa?" Ẹ̀rín pa mí. Nàfísàt tó dúdú bí kóró iṣin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Blackie láti kékeré, níbo ni pupa yóò ti wá? Mo ní kò pupa. O ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo yà á. O wò ó, o ní kò sí pupa níbẹ̀, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, kí ó lo parasitámọ́ọ̀lù, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí.

Mo tún pè ọ́ ní ọjọ́ kẹta. Awọ ẹsẹ̀ ti ń dán, ó ti le, ó sì ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni o tún bi mí. Èmi onídìrí nìyí o, tí ọwọ́ mi ti wà lórí ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mélòó ni mo ti dá padà fún ìyá wọn pé orí ọmọ yìí gbóná, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù ná? Ọwọ́ mi sọ òótọ́ fún mi lórí ẹsẹ̀ Nàfísàt, ẹnu rẹ sọ òmíràn, mo sì gba ẹnu rẹ gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ. N kò tíì lè dárí ìyẹn ji ara mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń sọ Ìgbò sí mi, èmi tí kì í bá sọ èdè míràn ju Yorùbá lọ nínú ilé. Ó ń pè mí ní Nne, bí àwọn Ìgbò ṣe ń pe ìyá wọn, ó ní kí n bá òun gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú iná. Mama Kosi tí a jọ ń gbé ilé ló gbọ́ ohùn rẹ̀ tó fi wọlé. Kò béèrè àwọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi kan ti òsì, ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Mama Yunusa, this leg dey hot like stove. Wetin una dey wait for?" Mo ní à ń dúró kí ó pọ́n ni. Ìtìjú tó bá mi bí mo ṣe sọ ọ́ tán kò ṣeé ròyìn. Ojú egbò kò pọ́n, Yúnúsà, ojú ọmọ mi ló ń pọ́n.

Kẹ̀kẹ́ ni a fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà àgbà kan níbẹ̀ ní ọyún ti kún abẹ́ awọ, ó sì ti ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n là á, wọ́n gé lára ẹran ẹsẹ̀ náà dànù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a lò. Dókítà náà ṣàlàyé fún mi pé awọ dúdú kì í sábà fi irú pupa yẹn hàn. Ó ní ọwọ́ ni kí á fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí á fi wé ẹsẹ̀ kejì, kí á wo ibi tó ń dán àti ibi tó ṣú. Ó bi mí pé ta ló ní kí n máa retí pupa. Mo ní ẹnìkan ni, lórí fóònù. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé ọmọ tí mo bí ni.

Ẹsẹ̀ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ti gan. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ máṣíìnì. Ó máa ń jókòó sídìí rẹ̀ láàárọ̀, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dìde. Wọ́n ní ó lè rọ̀ tó bá yá. Wọ́n ní ó sì lè má rọ̀.

Nígbà tí o gbọ́, o sọ fún Nàfísàt pé ohun tí wọ́n kọ́ yín ni o ṣe, pé gbogbo àwòrán inú ìwé yín, ara òyìnbó ni. N kò bá òyìnbó jà púpọ̀. Ẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ló wò kí ó tó kọ ìwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ara ta ni ìwọ wò kí o tó sọ àìsàn àbúrò rẹ lórúkọ? Ìwọ tí mo wẹ̀, tí mo fi òrí pa lára, tí awọ rẹ kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí ìwọ kò bá mọ bí ara wa ṣe ń ṣàìsàn, ta ni a fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n?

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu mi bà ọ́ jẹ́. Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú sí i. Kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń wo aláìsàn ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kí ó bá ọ wo àwọn ọmọ rẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú tí kò mọ̀ wọ́n wò wọ́n. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ó ń bínú sí ọ tí ó sì ń ṣàdúrà fún ọ,
Hussainat.

Àfikún: Nàfísàt ka ìwé yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù, pé òun ti dárí jì ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní kí n bá òun bi ọ́, ó sì ní kí o má fi ẹ̀bẹ̀ dáhùn rẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú wà ní ìlú tí o ti ń ṣe dókítà. Láti ọdún méje tí o ti wà níbẹ̀, mélòó nínú wọn ni o ti bi bóyá ó pọ́n, tí wọ́n ní rárá, tí o sì ní kí wọ́n máa lọ sílé?