Igún Méjì Tó Kù Lórí Àràbà: Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Olóògbé Rájí Afọlábí

ẸGBẸ́ ALÁPATÀ ÌFẸ́LÓDÙN
Odò Ẹran, Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986

Sí Màmá Ṣẹ̀fíátù Afọlábí, sí Ràhámọ̀tù ọmọ wọn, àti sí gbogbo mọ̀lẹ́bí Afọlábí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìbínú tí ìbànújẹ́ náà kò lè bò mọ́lẹ̀, ni àwa Ẹgbẹ́ Alápatà Ìfẹ́lódùn fi ń kí yín kú ìrọ́jú lórí ikú Alàgbà Rájí Afọlábí, tí wọ́n jẹ́ àgbà jù lọ nínú wa ní odò ẹran, níbi tí a ti ń pa màlúù tí ìlú ń jẹ. Ọlọ́run ló ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ó padà sí. A kò bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́. Ènìyàn la ń bá wí.

Ìpàdé ló pa á láṣẹ pé kí a kọ ìwé yìí, kí a sì kà á sókè níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ní ojúde yín, kí àwọn tó ń sọ kiri pé Bàbá ló pa igún Ìwó lè fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Bàbá kọ́ ló pa wọ́n. Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ rántí ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ wa bá sì ń kọsẹ̀ níbì kan, ẹ fi orí jì wá. A kò kàwé púpọ̀, ohun tí a fẹ́ sọ wúwo, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń rìn nílùú, wọ́n sì mọ ilé wa.

Kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa ni Bàbá ti ń di ọ̀bẹ mú. Àwọn ni wọ́n kó wa jọ tí a fi gbẹ́ kànga ẹ̀yìn odò ẹran, tí a kò fi fi omi ẹrẹ̀ fọ ẹran mọ́. Ní ọdún tí àrùn ń kó màlúù lọ, tí àwọn kan fẹ́ máa ta òkú ẹran fún aráàlú, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà odò ẹran. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé òkú màlúù wọlé, kí ó kọ́kọ́ gbé òkú àwọn kọjá. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan kan kọjá.

Ṣùgbọ́n igún ni a ó sọ, nítorí igún ni wọ́n fi ba orúkọ Bàbá jẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé mọ àṣà wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún àlejò tó bá wà níjókòó. Ní àárọ̀, bí a bá ti pa màlúù tán tí a kun ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ẹran títí àgbà jù lọ yóò fi ju ìjàǹjá fún igún, ìyẹn àwọn ẹran wẹ́wẹ́ tí ọ̀bẹ gé kù àti ẹ̀dọ̀fóró tí kò ṣe é tà. Àwọn igún á ti tò sórí páànù òrùlé bí àwọn àgbààgbà tó wá síbi ìpàdé. Bàbá á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìdúró o, ẹ má bínú pé a pẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjàǹjá á máa fò lọ sókè, tí ìyẹ́ á máa lù bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kí oòrùn tó ràn, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Kò sí eṣinṣin, kò sí ajá, kò sí òórùn. Wolé-wolé kò gbálẹ̀ fún wa rí bí igún ṣe gbá a.

A máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí orí wọn pá dé ìpàkọ́. "Bàbá, ẹ wo orí yín, ẹ wo orí igún. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ẹ̀gbọ́n?" Bàbá á fi ọwọ́ ra orí, wọ́n á ní, "Àwọn ni ẹ̀gbọ́n. Mo bá wọn níbí ni." Òótọ́ sì ni. Bàbá tó bí Bàbá náà bá igún níbẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn ẹyẹ náà ń dín kù. Àwa rò pé wọ́n lọ jẹun níbòmíràn. Bàbá lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ilé-Ogbó, wọ́n yà wo ibi ìpẹran ibẹ̀, wọn kò rí igún kan ṣoṣo. Wọ́n gba Olúpọ̀nnà bọ̀, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn alápatà ibẹ̀. Àwọn yẹn ní àwọn oníṣòwò kan ló wá ń ra orí igún fún àwọn tó ń fi ṣe àwúre, pé láti ìgbà náà, àwọn kò rí òjìji ẹyẹ lórí páànù mọ́.

Ní ìpàdé wa, Bàbá dìde. Wọ́n ní igún kì í ṣe adìẹ: ẹyin kan ṣoṣo ni ó máa ń yé lọ́dún, bí nǹkan bá sì ṣe ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà lọ ra màlúù ni òun náà ń gbà. Ó ní, "Ẹyẹ ìdọ̀tí ni, Bàbá. Bí wọ́n bá lọ, kí ló bàjẹ́?"

Bàbá kò wò ó. Mùrí, alága wa, ni wọ́n wò. "Mùrí, bí màlúù bá tán lónìí, o ó wọ mọ́tò lọ sí Òkè Ọya, o ó kó òmíràn wá. Bí igún bá tán, mọ́tò ibo lo máa wọ̀?"

Ọjọ́ náà ni a fi òfin de títa igún ní odò ẹran, gbogbo wa sì nawọ́ sí i, ọwọ́ ẹni tó rẹ́rìn-ín náà wà lókè pẹ̀lú tiwa.

Àwọn baba wa ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀. Òjò pa á títí, kò rí i pa kú. Ènìyàn ló wá ní ọgbọ́n tí òjò kò ní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá èṣí, ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín ní ìpàdé yìí gbé abọ́ ńlá kan wá sí odò ẹran, ó fi ewé bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá. "Ìjàǹjá Iléyá tó ṣẹ́kù nílé ni o. Ẹ bá wa jù ú fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín." Inú Bàbá dùn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìpàdé ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n tilẹ̀ ṣàdúrà fún un lójú wa. Àṣà wa sì ni pé ohunkóhun tí alápatà bá gbé wá fún igún, àgbà kì í kọ̀ ọ́, kì í tú u wò, kì í gbé e sí imú, nítorí sàárà ni. Ta ló ń tú sàárà wò? Ọwọ́ ara wọn ni Bàbá fi jù ú.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí páànù. Bàbá ń sáré láti orí ọ̀kan dé òmíràn, wọ́n ń da omi kànga sí wọn lẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Ọkùnrin náà àti àwọn àlejò méjì tí a kò mọ̀ rí ti wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú àpò òfìfo lọ́wọ́. Wọ́n ń ṣa òkú igún sínú àpò lójú wa bí ẹni ń ṣa iṣu. Ta ló ń gbé àpò dúró de ẹyẹ tí kò tíì ṣàìsàn? Ìbéèrè yẹn nìkan tó fún ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́. Ìyá Ṣàngóbùnmi, tó ń jó pọ̀nmọ́ ní odò ẹran, gbé abọ́ náà sí imú. Ìyá ní, "Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó rèé." Wọ́n sọ ọ́ sókè lọ́jọ́ náà, wọn kò sì yí i padà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti wá bá wọn nílé kí wọ́n lè yí i padà.

Ṣùgbọ́n ìlú kò rí abọ́. Ọwọ́ Bàbá ni ìlú rí. Wọ́n ní Bàbá Onígún ti ta igún, pé ẹni tó ń bọ́ adìẹ náà ló ń pa á. Ní ọjà Odò-Orí, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìsọ̀ Ràhámọ̀tù, wọ́n ní ẹran olóró ló ń tà. Obìnrin kan tó ti ń ra ẹran lọ́wọ́ Màmá Ṣẹ̀fíátù láti ìgbà ọmọge fi gèlè bo imú kọjá. Ẹni tó gbé abọ́ wá ń rìn fàájì láàárín ìlú, wọ́n ń kí i. Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn? A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn tó láṣẹ. Wọ́n béèrè pé ta ló kú. A ní igún ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a lọ mú ẹjọ́ ènìyàn wá. Ó dára. Ẹjọ́ ènìyàn ti dé báyìí. Bàbá ti kú.

Dókítà ní òtútù àyà ni. A kò bá dókítà jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí òtútù náà ti mú wọn. Nínú gbogbo igún tó wà ní odò ẹran, méjì ló kù, akọ àti abo, orí àràbà tó wà lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni wọ́n sì ń sùn. Wọn kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Bàbá ló ń lọ bá wọn láràárọ̀ pẹ̀lú ìjàǹjá nínú ewé. Bàbá á dúró sábẹ́ igi, wọ́n á kọ́kọ́ bu ìjàǹjá náà jẹ ní tútù, kí àwọn ẹyẹ lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ju ìyókù. Àwọn tó ń lọ sóko á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn igún á máa wò láti òkè. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kankan. Òjò ń rọ̀, Bàbá ń lọ. Màmá Ṣẹ̀fíátù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó sílé. Ìdáhùn Bàbá, bí Màmá ṣe sọ ọ́ fún wa, ni pé, "Ọwọ́ mi ló kọ́ wọn láti máa bẹ̀rù ọwọ́. Ọwọ́ mi náà ló máa tún un ṣe." Nínú òjò oṣù tó kọjá ni òtútù náà ti wọlé.

Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe. Ẹni tó gbé abọ́ wá kò ní ibi ìpẹran mọ́ láàárín wa; láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀bẹ rẹ̀ ti kúrò ní odò ẹran. Ó ní a ó rí i. A ti ń rí i. Ẹ̀rù ló mú wa pẹ́ tó báyìí, ó sì ṣì ń bà wá, a kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan nínú wa ti ń tètè ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ní kí a dákẹ́, orúkọ Bàbá á bá wọn wọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara wọn nìkan la sin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kò sin orúkọ.

Ní ti Ràhámọ̀tù, ẹran tí ilé alápatà kọ̀ọ̀kan bá máa sè, ìsọ̀ rẹ̀ la ó ti máa rà á láti ọ̀la lọ, àwa fúnra wa, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ní ojú ọjà. Alápatà tó ń lọ ra ẹran, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rẹ́rìn-ín. Tó bá rẹ́rìn-ín tán, á rí i pé a jẹ ẹ́, a kò kú. A sì ti bá Bàbá Dúró, tó ni ilẹ̀ tí àràbà náà wà, sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àáké kò ní kan igi náà nígbà ayé àwọn, àwọn yóò sì sọ ọ́ fún ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, Mùrí, alága wa, kó wa lẹ́yìn lọ sábẹ́ àràbà. Ó bu ìjàǹjá jẹ ní tútù bí Bàbá ti máa ń ṣe, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró o, ẹ má bínú pé a pẹ́." Ó ju ìyókù. Àwọn igún méjì náà wò wá. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀. A kò bá wọn wí. Ta ni kò ní bẹ̀rù ọwọ́ tó fi sàárà pa ẹbí rẹ̀? A ti padà lọ láràárọ̀ láti ìgbà náà, a ó sì máa lọ, ní orúkọ Bàbá, títí wọn yóò fi gbà wá gbọ́.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ Bàbá. Kí ó tu Màmá Ṣẹ̀fíátù nínú, kí ó nu omijé Ràhámọ̀tù, kí ó sọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi bò yín di ọlá. Àwọn tó da májèlé sínú sàárà, a kò gbé wọn ṣépè. Ọlọ́run tó dá igún mọ ìdí tó fi dá a, yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pa á tán. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn títí di àárọ̀ tí ẹyẹ méjì náà yóò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, kí ẹ lè ṣáájú wa lọ sọ ọ́ ní ẹ̀bá sàréè Bàbá. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,

Mùrí Àyàndélé, Alága
Yẹ̀kínì Morádéyọ̀, Akọ̀wé
Fún Ẹgbẹ́ Alápatà Ìfẹ́lódùn, Ìwó