Ẹni tó wà nínú dígí Ìgbín

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́

A dé Quartzsite lọ́sàn-án. Aṣálẹ̀ Arizona nìyí, àbí ọjà? Ilé orí táyà níwájú, ilé orí táyà lẹ́yìn, àti àwa arúgbó tí a ta ilé wa, tí a ń wá èyí tí a ó máa gbé inú rẹ̀ káàkiri títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ilé wa ní Nebraska ti lọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ẹni tó rà á yóò gba kọ́kọ́rọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, èmi àti Orrin gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti fẹ́ra, a kò tíì fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kí ẹyin jinná tó.

Erin ni ọkọ mi fẹ́ — ilé gàgàrà tí pikọ́ọ̀pù ń fà lẹ́yìn. Agolo ni mo fẹ́ — bọ́ọ̀sì kékeré tí bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹja sàdíìnì tí wọ́n ń dì sínú agolo. Mo ní èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń da erin.

Ìdí tí mo fi fẹ́ Agolo gan-an, mi ò sọ ọ́ sí i létí. Ọkàn rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti ki nǹkan bọ inú iṣan rẹ̀. Bí ó bá ṣáájú mi lọ, èmi nìkan ni n ó máa wa ohunkóhun tí a bá rà.

Òun ní tirẹ̀, òkun ni ó fẹ́ rí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò rí òkun rí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Juanell wá mu kọfí. Opó ará Texas ni, Agolo rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun àti ajá kan tí kò ju bàtà lọ. Mo ní kí ó bá mi dá ẹjọ́ Erin àti Agolo.

Ó ní, "Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í nìyẹn, Freda. Ọkọ̀ ẹni méjì lẹ̀ ń rà. Ọkọ̀ ẹni tó bá kù ni kẹ́ ẹ rà."

Ó ní Erin ni òun àti ọkọ òun rà. Ọdún kejì, ọkọ kú. Oṣù márùn-ún ló fi jókòó sójú kan nínú rẹ̀, kò lè fà á, kò lè fi í sílẹ̀.

Orrin rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò wulẹ̀ tètè wá pósí fún mi." Ó dìde, ó lọ fọ ife. Orrin kì í fọ ife.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

A rí ọ̀kan tí kì í ṣe erin tí kì í ṣe agolo. Ẹ́ńjìnnì àti ilé, ara kan náà. Ó ti gbó díẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo ti sọ ọ́ ní Ìgbín.

Ọ̀gbẹ́ni Lowell Pruitt ló ni ín, baba ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Nadine, fi gbé inú rẹ̀. Máàpù wà lára ilẹ̀kùn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é: ìpínlẹ̀ tí o bá sùn sí, o ó lẹ àwọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nadine kú ní oṣù Bélú èṣí. Láti ìgbà náà, baba kò jókòó nídìí sítiárìn rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló bá a wà á dé ibí. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sùn, àmọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ Ìgbín ni àga rẹ̀ máa ń wà.

Ó ní, "Ẹ gbé inú ẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ò bá bá yín lára mu, ẹ dá a padà, kò síjà."

Orrin ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí baba tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Omi rẹ̀ gbóná. Fèrèsé rẹ̀ kò jò. Mo ń wá àléébù, mi ò rí. Ara fu mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Orrin kọ́ rífáàsì. Èmi dúró lẹ́yìn, mò ń juwọ́. Òfin wa kò yẹ̀: bí kò bá rí mi nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó dúró. Apá méjèèjì sókè — dúró. Ọwọ́ mi sí etí — o káre, ọkọ mi. Àmì etí yìí, àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. A ti ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì bí pásítọ̀ bá ti ń gùn jù.

Ó gbá cactus kan, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀. Ó ní igi náà ló sún mọ́ òun.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Èmi àti Juanell lọ sí ibi ìfọṣọ nílùú. Mo kìlọ̀ fún Orrin, Ọ̀gá Dírẹ́bà, pé kí ó má fọwọ́ kan Ìgbín. Nígbà tí a dé, Ìgbín wà láàárín àpáta méjì tó wà lódìkejì. Ọ̀tún, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan. Òsì, àtẹ́lẹwọ́ kan. Dírẹ́bà tó ti jogún iṣẹ́ náà kò lè ṣe é báyẹn.

Orrin jáde, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Freda, a ti mọ̀ ọ́n ṣe wàyí! Bó o ṣe darí mi yẹn, ẹnu ò ròyìn."

Mo ní èmi kọ́. Mo ní ìsinsìnyí ni mo dé.

"Yéé bá mi ṣeré. O wọ fìlà búlúù ẹ. O tiẹ̀ fọwọ́ kan etí."

Fìlà búlúù mi wà nínú agbọ̀n aṣọ tí mo gbé dání. Ó ṣì tutù.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bí ti bàbá Orrin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ń rí àbúrò rẹ̀ nínú abà, àbúrò tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló gbàgbé orúkọ ọmọ, ó gbàgbé síbí.

Ọkàn Orrin ni mo ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé orí ni.

Mo fi ọgbọ́n bi í ní orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wa, ọjọ́ òní, nọ́ńbà ilé wa àkọ́kọ́. Ó gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ṣé o fẹ́ fún mi ní máàkì ni?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo dán an wò. Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní kí ó gbé Ìgbín kúrò láàárín àpáta, kí ó sì fi rífáàsì wọlé padà, pé mo wà lẹ́yìn. Mo yọ́ wọnú Agolo Juanell, àwa méjèèjì ń wòran láti fèrèsé.

Ìgbín ń padà bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dúró díẹ̀. Ó yí sápá òsì. Ó dúró — gẹ́lẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè fún. Ó wọlé.

Juanell ní, "Ta ló ń darí ẹ̀?"

Kò sí ènìyàn. Mo lọ wo iyanrìn ẹ̀yìn Ìgbín. Ojú táyà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ti bàtà. Orí mi wú.

Nígbà tí Orrin sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹnu kò mí lẹ́nu. Ó ní o ṣeun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò lè jẹun.

Ẹtì, ogúnjọ́

Mo lọ bá Baba Pruitt lórí àga rẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ wérọ̀. Mo ní ọkọ mi ń rí mi nínú dígí yín nígbà tí mi ò sí níbẹ̀.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nínú dígí apá òsì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní àwọn wà ní Utah ní oṣù Ògún èṣí. Nadine ń darí òun, ó wọ kóòtù yẹ́lò rẹ̀. Òun wọlé tán, òun sọ̀ kalẹ̀ láti kí i, ni Nadine yọ láti ilé ìwẹ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún, omi ń kán lórí rẹ̀. Ó bi òun pé ta ló darí òun wọlé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nadine jókòó láti so okùn bàtà. Kò dìde mọ́.

Ó ní, "Mo ní ojú mi ni. Látọjọ́ náà ni mo ti ń bá ara mi sọ ọ́, pé ojú mi ni. Ká ní mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni, Freda, mi ò ní fún yín." Baba ń sunkún. Ó ní kí a dá a padà, òun yóò ní kí wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́.

Mo bínú sí i. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí àgbàlagbà. Mo rìn padà láàárín àwọn ilé orí táyà, àwọn ènìyàn ń kí mi, mo ń dáhùn.

Ọkọ mi kò ya wèrè. Èyí yẹ kó dùn mọ́ mi.

Èmi, ṣé? Èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ déédéé, tí mo ń rin máìlì méjì láràárọ̀? A jókòó, a ń ṣírò ti Orrin láti ọdún mẹ́ta, àṣé èmi tí dígí fi hàn ni ó kàn. Ọkọ̀ wo ni Orrin yóò wà, ẹni tí kò lè fi rífáàsì lọ láìsí ẹni tó ń juwọ́? Ta ni yóò máa juwọ́ fún un?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń se ẹ̀wà àti ẹran lílọ̀. Mo fi ibi tí oògùn rẹ̀ wà hàn án. Ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí.

Mo mú un lọ wo Agolo kan tí wọ́n ń tà. Mo ní kí ó dùbúlẹ̀. Orí rẹ̀ gbá òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èyí ló máa jẹ́ kó o rí oorun sùn, Freda, jẹ́ ká rà á."

Ọdún méjì ni mo fi bá a jà nítorí gbólóhùn yìí. Mo lọ sẹ́yìn Agolo náà, mo sunkún.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Kì í ṣe ti ikú. Ti Orrin ni, òun nìkan nídìí tábìlì kékeré, tó ń jẹ ẹ̀wà tó jóná.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé, àmọ́ òní ni mo ní kí a dá Ìgbín padà fún Baba Pruitt. Mo ní èmi ni n ó wà á. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé, mi ò gbá igi kan rí, síbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé, Ọ̀gá Dírẹ́bà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítiárìn. Ó ní ó dáa, kí n máa bá a lọ, òun ń jẹun lọ́wọ́. Ó jókòó síta, sídìí tábìlì tó wà níwájú gíláàsì ọkọ̀ gan-an, búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ti là. Ibi gbogbo mọ́lẹ̀ kedere.

Mo fẹ́ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí n tó yí. Mo fi sí rífáàsì. Mo wo dígí òsì.

Orrin wà níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì búráùn, èyí tí mo lẹ ìgúnpá rẹ̀. Ó ń juwọ́ sí mi: máa bọ̀, máa bọ̀.

Mo wo iwájú. Orrin ń jẹun, èérún búrẹ́dì ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo wo dígí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó fọwọ́ kan etí.

Mo tẹ búrékì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí n ké. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tó ti dì mí láyà láti ọjọ́ Ẹtì tú sílẹ̀ wọ̀ọ̀, n kò sì tijú láti kọ ọ́ pé inú mi dùn. Kì í ṣe èmi nìkan ló kàn; bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.

Orrin pariwo láti ìdí tábìlì pé kí ló dé, ṣé epo ti tán ni?

Mo ní, "Ìgbín la máa rà."

"Agolo ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí Juanell sọ ńkọ́?"

Mo ní Juanell kò mọ ohun gbogbo.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ nìkan bá Baba Pruitt. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo rí.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní àwa méjèèjì.

Ó ní, "Nadine náà máa ń wà á. Gbogbo ìgbà ló ń wo dígí yẹn. Kò rí mi níbẹ̀ rí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kejì lápò, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ mi dé. Kò sọ̀rọ̀ fífọ́ ọkọ̀ mọ́.

Mi ò ní sọ fún Orrin. Ó ń fọ ife lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Oṣù mẹ́ta, ó lè dín, ó lè lé. Ó bi mí pé níbo la ó kọ́kọ́ gbà.

Mo ní òkun.