Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Gun Òkè Àdó

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀wàrà, 2025

Dàmọ́lá pè láti Amẹ́ríkà láàárọ̀ yìí. Ọmọ tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì, tí kì í rántí fi Adágún Chad sínú máàpù — ó ti di nọ́ọ̀sì ní Òhàyó. Ó ní àwọn ìyá méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àbúrò ni òun àti Dàmọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Lọ́dọọdún, tí oṣù Ọ̀wàrà bá dé, tí ewé igi ọ̀dọ̀ wọn bá ń pọ́n tó ń wọ́, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà orí òkè láti lọ wò ó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ló máa ń wà wọ́n. Ọkọ kú ní èṣí. Wọn ò fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lọ́dún yìí. Wọ́n bi Dàmọ́lá pé ibo ló dáa téèyàn lè lọ. Ọmọ náà ní kí wọ́n lọ sí Òkè-Ògùn, pé tíṣà òun tó wà ní Ìsẹ́yìn mọ Òkè Àdó bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Mo ní kò burú. Mo pa fóònù. Mo jókòó.

Èmi tí n kò gun òkè yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Lọ́dọọdún ni mo ń ya Òkè Àdó sójú pátákó: àtẹ̀gùn rèé, adágún Ìyákẹ̀ rèé lókè téńté. Àwọn ọmọ á ní, ṣé ẹ ti débẹ̀, mà? Èmi á ní, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí ni? N kò purọ́. N kò sì sọ òótọ́. Ibi gíga ló ń bà mí lẹ́rù. Orí àga lásán, tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù, ojú mi á máa ṣú.

Rùkáyàt pè lẹ́yìn ìrun. Ọmọ mi kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ pé kí n kó wá bá òun ní Ìbàdàn náà ni. Ó ti kun yàrá mi ní ilé rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ló ń bọ̀ wá kó mi. Ó ní, "Màámi, kí lẹ tún ń dá gbé ṣe ní Ìsẹ́yìn? Ọdún kẹrin tí bàbá mi ti kú rèé." Mo ní ó dáa. Kí ni ǹ bá wí? Mò ń bomi rin òdòdó, mò ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti rí awakọ̀. Ràsáàkì, bàbá Sódìq, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa láyé ọjọ́un. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ní bọ́ọ̀sì kékeré tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó di ọdún mẹ́fà. Ó gbé mi lọ dé ojú títì láti fi ọkọ̀ hàn mí. Yé! Ọ̀kadà tó ru àpò gààrí mẹ́ta láti Ìgànná ló yà wá sílẹ̀. Mo ti sọ Ràsáàkì ní Ìgbín. Inú ìwé yìí nìkan ni o.

Mo ní ṣé ó mọ ọ̀nà Ìgbòho dáadáa. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀nà yẹn gan-an mọ̀ mí."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo dán ẹsẹ̀ wò lórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, àgòkè-sọ̀kalẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Orúnkún ń ké. Ládàánì ń wò mí.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Wọ́n dé! Dúdú bíi tiwa. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Lọ́réènì, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, ó ga, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò ń jẹ́ Bànísì, òun kì í dákẹ́. Ìgbín kí wọn pé "ẹ kú àbọ̀". Àbúrò rò pé orúkọ rẹ̀ ló ń dá. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ó ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀. Ọkùnrin náà ń dáhùn, kò tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo mú wọn lọ sí ìdí òfì lọ́dọ̀ Alhájì Kàdírì, ahunṣọ, ẹ̀gbọ́n Ìgbín. Lọ́réènì ní òun fẹ́ gbìyànjú. Wọ́n fi í jókòó. Ó tẹ ẹsẹ̀ níbi tí kò yẹ, ó fà á lágbára, òwú já, bí ogún! Ojú tì í. Alhájì ní kí n sọ fún un pé ìyàwó òun náà já a lọ́dún tí òun fẹ́ ẹ, àwọn sì ti bí ọmọ mẹ́fà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò fà mí lápá — ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú, òun ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orúnkún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìgbòho. Kí a tó débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ní kí Ìgbín dúró. Oko ọkà bàbà ni, lọ súà, orí ọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, oòrùn àárọ̀ wà lára rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró sétí ọ̀nà. Ó pẹ́. Ó ní báyìí ni ọkọ òun máa ń dá mọ́tò dúró láìsọ nǹkan kan, á kàn máa wò. Mo dúró tì í. Mo ń kọjá lára ọkà bàbà láti ọgọ́ta ọdún, òní ni mo rí i.

Ní Igbó Ọba, mo sọ ìtàn bí ogun ṣe lé àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n fi wá tẹ̀dó síbẹ̀, àti àwọn Aláàfin mẹ́rin tí wọ́n sin sínú igbó náà. Mo sọ ọ́ débi pé ẹni tó yẹ kó mú wa káàkiri jókòó, òun náà ń gbọ́. Ohùn mi jáde bí ohùn kíláàsì. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà.

A jẹ iyán. Àbúrò tú bọ́tìnnì ṣòkòtò. Mo ṣẹ́jú, ẹja Ìgbín ti wà nínú àwo mi. Kò wò mí. Ó ń jẹ iyán rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ lásán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òjò látàárọ̀. A ta ayò nínú pálọ̀. Àbúrò ń jí ọmọ ayò!

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀la ni Àdó. Ìgbín yà lẹ́yìn ìrun láti bi mí pé aago mélòó. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Bàbá Sódìq, n kò gun Òkè Àdó rí."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní báwo.

"Èmi kọ́ ni mo wà yín lọ́jọ́ tí ẹ kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ? Ẹ ní inú ń run yín. Ẹ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ẹ sì di igi náà mú bí ẹni pé òun náà fẹ́ gòkè. Mo ra ọsàn fún yín."

Ọdún 1994! Mo rántí ọsàn. N kò rántí ẹni tó rà á.

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ọ̀rọ̀ yín ni." Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún àwọn àlejò kí a tó gùn ún. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín ló máa na ọwọ́ sí yín."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pa á mọ́. Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màá kọ gbogbo rẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ òkè, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní Dàmọ́lá ò purọ́, èmi ni mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bínú. Ẹ̀gbọ́n di apá mi mú. Ó ní òun náà, tí mọ́tò bá ti ń yí kọ́nà lórí òkè, ńṣe lòun máa ń dijú. Ogójì ọdún lòun fi ń lọ wo ewé, ìdajì rẹ̀ lòun ò rí. Àbúrò pariwo: "O ò sọ fún mi rí!" Ni a bá ń rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ọmọ iléèwé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àbúrò wà níwájú, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè. Ó ti ka ọgọ́rùn-ún kọjá nígbà tí mo ṣèèṣì bojú wẹ̀yìn. Òrùlé Àdó rí bí páálí ìṣáná. Mo jókòó, mo ní ẹ máa lọ, mo ti débi tèmi.

Ìgbín wà lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà, èmi ò kàwé. Òkúta yìí, kí ló gbé e débí?"

Mo ní ooru inú ilẹ̀ ni. Ó ní báwo? Mo dìde láti fi ọwọ́ ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé bí ó ṣe yọ́, bí ó ṣe tutù, bí òjò ṣe ń jẹ ilẹ̀ tó bò ó. Ó ní kí ni òjò tún ṣe? Ó ń bi mí, mò ń dáhùn, ẹsẹ̀ ń gbé ara rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́ ọ tán, atẹ́gùn fẹ́ gèlè mi. Òkè ti tán.

Ìyákẹ̀! Omi lórí òkúta, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò rí roboto. Roboto ni mo ń yà á láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Àìmọye ọmọ ni mo ti kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ń wo gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ó la ojú sílẹ̀ kedere. Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá wa mọ́tò náà." Àbúrò ní, "Olúwa ṣàánú mi."

Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, Ìgbín di ọwọ́ mi mú. A délẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò fi í sílẹ̀. Àbúrò húkọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi, kò fẹ́ jù mí sílẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Dàmọ́lá pè. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà fẹ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà ìwọ́wé wọn. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Ìbàdàn ni màá wà.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Ràsáàkì wá, ó gbé wàrà lọ́wọ́. (N kò lè pè é ní Ìgbín mọ́.) Ó sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ̀rọ̀ táyà. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé Àbámẹ́ta ni mò ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló kù nínú ẹbí mi? Mo ní kò ku àgbà kankan, ó ku Rùkáyàt. Ó ní ó dáa. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

N kò tíì fọwọ́ kan wàrà náà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Bélú

Rùkáyàt dé ní aago mẹ́wàá. Kò tíì mumi tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ràsáàkì ni, pẹ̀lú Alhájì Kàdírì, agbádá òfì lọ́rùn àwọn méjèèjì.

Wọ́n jókòó. Alhájì ká agbádá lé èjìká, ó dojú kọ ọmọ mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ni olórí ẹbí lónìí. Ẹnu ọ̀nà yín la kàn. A rí ẹni ire nínú ilé yín, àbúrò mi sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fi fún òun."

Rùkáyàt ta gìrì. "Bàbá, ẹ má bínú o. Mo ti lọ́kọ. Mo ti bí mẹ́ta."

"Ta ní ń sọ tìrẹ? Ìyá rẹ ni."

Ọmọ náà wò mí. Mo wo àjà.

"Màámi, ṣé ẹ mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní, "Díẹ̀."

Mo rò pé yóò gbaná jẹ. Ó kàn tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó gbé ojú rẹ̀ le, ó dà bí àǹtí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó bi Ràsáàkì pé kí ló rí lára ìyá òun.

Ràsáàkì wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà náà, ó ní ọkọ, mo ní aya, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rù ń bà á, ó sì gòkè. Ẹ̀rù ń ba èmi náà láti wá síbí."

Rùkáyàt fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó yíjú sí mi. "Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Mo ní mo fẹ́ ẹ. Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe rò lọ, aládùúgbò gbọ́.

Ọmọ mi kọjú sí wọn, ó ní, "Ẹbí ti gbọ́. Ẹ lọ mú ọjọ́ wá."

Alhájì Kàdírì ní àwọn ti mú un dání. Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá. Ìmáàmù ti gbà.